Brooder gáàsì mi ń kú lóru nínú ọyẹ́ yìí, ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa brooder gáàsì, ẹ̀rọ tá a fi ń mú ara ọmọ adìyẹ móoru? Mò ń sin adìyẹ ní Mọníyà n'Íbàdàn níbí, ọyẹ́ ọdún yìí ò ṣeé fẹnu sọ. Lọ́sàn-án iná ẹ̀ ń jó dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti di ìdájí ló máa kú fúnra ẹ̀, tí mo bá tún un tàn tí mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ mọ́lẹ̀ á jó o, kí n kàn yọwọ́ báyìí, ó ti kú. Àwọn ọmọ adìyẹ á wá máa gun ara wọn lórí sí kọ̀nà kan, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí wọ́n nílò ooru tó 32 sí 35 digírì. Gáàsì ò tán, mo ti gbé sílíńdà ẹ̀ wò, ó ṣì wúwo, àmọ́ ara ẹ̀ máa ń tutù bíi yìnyín. Oníṣẹ́ kan ní thermocouple (irin kékeré tó máa ń mọ̀ bóyá iná ń jó) ni, èkejì ní regulator (èyí tó ń dín agbára gáàsì kù lẹ́nu sílíńdà) ni, owó ṣáá ló wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ṣé eruku ọyẹ́ ló bo orí thermocouple yẹn ni, kí n fi sandpaper ha á díẹ̀? Àbí sílíńdà 12.5 kílò ló kéré fún brooder mẹ́ta tó ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà? Èédú ni mo fi ń gbé e báyìí, fèrèsé ò sì ṣeé tì pa torí èéfín. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kílẹ̀ tó ṣú?