Mo wàásù fún aládùúgbò mi, ó wá kẹ̀yìn sí mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tólú, Sángo: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò sùn lánàá. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ọdún kẹfà rèé tí èmi àti Ìyá Ṣẹ̀rífá ti jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa ní Sángo. Èmi ń ránṣọ, òun ń ta ẹ̀lùbọ́, ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Tójò bá ṣú, màá bá a kó ọjà wọlé. Tó bá di Iléyá, ẹran á wọlé mi kó tó délé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gba Jésù tọkàntọkàn lọ́dún tó kọjá, mo ń sọ fún un díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń fún un ní ìwé pélébé tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Á gbà á, á dúpẹ́. Mo tiẹ̀ rí ọ̀kan tó fi pọ́n ẹ̀pà fún oníbàárà, mi ò bínú.

Àfi bó ṣe di Mọ́ńdè tó kọjá, mo kí i, kò dáhùn. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Ó tún ní kí wọ́n má fi orúkọ mi sí àjọ tuntun. Àjọ tí èmi gan-an dá sílẹ̀! Pásítọ̀ wa ní inúnibíni kò lè ṣe kó má bá onígbàgbọ́. Ṣé kí n kó kúrò níbẹ̀ ni, àbí kí n máa bá ìwàásù lọ? Mo ti san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹni tó ti ń gba ìwé lọ́wọ́ yín láti ọdún kan kì í déédéé kẹ̀yìn síni lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kí ló ṣẹlẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀?

Bàbá Dára: Èmi náà ti rí i rí. Nínú takisí Micra, láti Ìwó Road sí Challenge. Àwa mẹ́rin la há mọ́ ẹ̀yìn, ooru ń mú. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ni dẹ́rẹ́bà gbé rédíò sókè. Mo pariwo, òun náà fi kún un. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀, màmá kan ní, "Ọmọ mi, látìgbà tóo ti wọlé lo ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, o ò sì bẹ̀ mí." Ìtìjú bò mí. Ẹ máa wàásù lọ, mà, ẹ kàn rọra.

Ayọ̀bámi: Ẹ fún un lẹ́bùn, kí ẹ sì gbàdúrà. 1 Pétérù 3:15 náà ní ká máa fi ìwà tútù dáhùn.

Ìyá Tólú: Ẹ ṣé, Bàbá Dára. Ẹ̀yin lóye mi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Alhaja Bẹẹrẹ: Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Ìbàdàn sì ni mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan jẹ́ lèmọ́mù, àbúrò rẹ̀ ń lùlù ní ṣọ́ọ̀ṣì, agbo ilé kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ìwé pélébé kọ́ ló dá ìjà yìí sílẹ̀.

Ìyá Tólú: Ó dáa. Ṣẹ̀rífá ọmọ rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó ti mú un kúrò. Ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ mọ Jésù. Mo mú un lọ sí ìṣọ́ òru lójú ọ̀nà Èkó ní Fúráìdè. Nǹkan kan ò ṣe é.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ ọdún mélòó? Ṣé ìyá rẹ̀ mọ̀?

Ìyá Tólú: Ó ti pé ọdún 15. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé a fẹ́ ránṣọ ẹbí mọ́jú ní ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá sọ òótọ́, ṣé á jẹ́ kó lọ? Jésù náà ló ní ká gbọ́n bí ejò.

Tíṣà Kúdẹtì: Ẹ ka ẹsẹ náà parí, mà. "Oníwà tútù bí àdàbà" ńkọ́? Nígbà tí Hinderer, míṣọ́nnárì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé Ìbàdàn lọ́dún 1853, Kúdẹtì níbí ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Yéjídé àti Akínyẹlé wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà sílé ìwé wọn. Olúnlọ́yọ̀ọ́, bàbá wọn, ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà wọ́n lé wọn lọ́wọ́. Ta ló fa Ṣẹ̀rífá lé yín lọ́wọ́ fún ìṣọ́ òru?

Bàbá Dára: Tíṣà, ẹ má sọ ibí di kíláàsì. Ọkàn èèyàn là ń sọ.

Alhaja Bẹẹrẹ: Tí Alhaji àdúgbò yín bá mú Dára lọ sí wáàsí lóru, tó ní ẹ̀sìn ni òun ń kọ́ ọ ńkọ́?

Bàbá Dára: Ìyẹn yàtọ̀.

Alhaja Bẹẹrẹ: Báwo?

Ayọ̀bámi: Mo tún un sọ o, ẹ̀bùn àti àdúrà.

Ìyá Tólú: Gbogbo yín ti ń dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ tán. Lóru ọjọ́ yẹn, Ìyá Ṣẹ̀rífá gbé àmàlà wá fún wa ní ṣọ́ọ̀bù, torí ó rò pé a ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó pè mí títí, orin ò jẹ́ kí n gbọ́ fóònù. Nígbà tí a dé láàárọ̀ Sátidé, òun la bá níwájú ṣọ́ọ̀bù, lórí àpótí, kúlà oúnjẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ìyá Ìbejì: Hàà. Ó jókòó síbẹ̀ mọ́jú?

Ìyá Tólú: Mi ò bi í.

Ìyá Ìbejì: Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí. Àgbàlagbà kan ni kẹ́ ẹ mú dání, kì í ṣe pásítọ̀. Ẹ má mẹ́nu ba ẹ̀sìn rárá. Ẹ ní, "Mo parọ́ fún ọ." Ẹ̀rọ ìránṣọ ọmọ náà ńkọ́?

Ìyá Tólú: Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Kúlà yẹn náà, ibẹ̀ ló fi sílẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ.