Mo fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn tó ń ka ìtàn mi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ìtàn agbo-ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo máa ń kọ: bí wọ́n ṣe tẹ̀dó, àti oríkì tí àwọn ìyá wa ń kì. Orí Channel WhatsApp ni mo ń gbé e sí lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ń kà á, wọ́n ń tẹ ọkàn pupa àti àtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mò ń wá. Nígbà tí mo kọ nípa Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, ọba ìlú wa, àti Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tí ìtàn sọ pé ó pa, ó dá mi lójú pé àwọn àgbà kan ní Ìjerù gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn. Ṣé kí n ṣí gúrúpù ni? Ẹ̀rù ariwo ń bà mí, n kò sì fẹ́ kí nọ́ńbà àwọn ìyá àgbà di ti gbogbo ayé.

Ọmọ Under-G:
Ẹ̀gbọ́n, Channel ò rí bíi gúrúpù. Àtìgbà tí WhatsApp ti gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní 2023, ẹni tó ni ín ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù ń tẹ àmì, wọ́n sì lè dìbò. Ẹ fi ìbò bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn ní oríkì ìdílé wọn: bàbá ni, ìyá ni, ìyá àgbà ni, àbí kò sẹ́ni? Ẹni tó bá dìbò, ọ̀rọ̀ á fẹ́ máa jáde lẹ́nu ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Tákìé:
Gúrúpù dùn, àmọ́ èèyàn 1,024 ló ń gbà mọ, wọ́n á sì máa rí nọ́ńbà ara wọn. Èmi ni mò ń bójú tó ti ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ ṣe é kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí ẹni tó fẹ́ wọlé, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tí yóò máa bá yín ṣọ́ ọ. Alábòójútó lè pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́. Ìpolówó sọwó-di-ìlọ́po ò gbọdọ̀ sùn mọ́jú níbẹ̀.

Bàbá Olùkọ́, Ìjerù:
Ọmọ mi, àwọn tí ò ń wá kì í tẹ̀wé lórí fóònù. Ohùn ni kó o gbà lọ́wọ́ wọn. Ra síìmù ọ̀tọ̀, kó o fi WhatsApp Business sí i, ọ̀fẹ́ ni. Lábẹ́ ìtàn kọ̀ọ̀kan, kọ línkì: wa.me/234, kí nọ́ńbà rẹ tẹ̀ lé e láìsí òdo iwájú. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ ló dé tààrà, ẹlòmíì ò ní rí nọ́ńbà ẹ̀.

Má sì béèrè pé "Kí lèrò yín?" "Ó dára" ni wọn óò sọ. Sọ pé: "Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ọkà wo ni wọ́n ń jẹ nílé yín, kí ló dé tó fi ṣáájú ẹ̀kọ?" Fóònù rẹ ò ní sinmi lọ́jọ́ náà. Kó o tó gbé ohùn ẹnikẹ́ni síta, gba àṣẹ lẹ́nu ẹ̀. Oríkì mìíràn ní ohun tí ìdílé ò fẹ́ kí ará ìta gbọ́.

Ará wa ní Jọ́ọ̀sì:
Ẹ má gbàgbé àwa tá a wà lẹ́yìn odi. Àwọn èèyàn wa tó padà láti Gánà lẹ́yìn òfin 1969 tó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò níbẹ̀ gbé oríkì àtijọ́ wálé. Telegram náà wúlò: ẹ lè so gúrúpù mọ́ channel níbẹ̀, kí àyè èsì wà lábẹ́ ìtàn kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ àwọn ìyá wa ò sí níbẹ̀, òótọ́ ni.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Síìmù àti línkì ni n óò fi bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè ọkà ló sì máa gbẹ̀yìn ìtàn ọjọ́ Ẹtì yìí. Bàbá Olùkọ́, bí wọ́n bá gbà kí n lo ohùn wọn, ṣé orúkọ wọn ni n óò kọ sí i?

Bàbá Olùkọ́, Ìjerù:
Orúkọ agbo-ilé ni kó o kọ, àfi tí onítọ̀hún bá ní kó o dárúkọ òun.