Ǹjẹ́ ọ̀nà wà fún ìwé tí a fi Yorùbá kọ nínú Ẹ̀bùn Lítíréṣọ̀ Nàìjíríà?

Ìbéèrè: olùkọ́ kan láti Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ ìtàn àròsọ kan ní èdè Yorùbá, lórí àwọn obìnrin aláró tí ìyá ìyá mi bá ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí n sì fi ránṣẹ́ sí ìdíje Ẹ̀bùn Lítíréṣọ̀ Nàìjíríà, èyí tí ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG dá sílẹ̀ ní 2004 pọ̀ mọ́ ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mo mọ̀ pé ẹ̀ka mẹ́rin ni wọ́n ń gbé yípo, ìyẹn ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé àwọn ọmọdé, àti pé láti 2011 ni owó rẹ̀ ti di 100,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo orúkọ àwọn tó ti gbà á, láti orí Gabriel Okara àti Ezenwa Ohaeto tí wọ́n jọ pín in ní 2005, títí dé orí Oyin Olugbile ní 2025, n kò rí ìwé kan ṣoṣo tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀ dáadáa, Tade Ipadeola gbà á fún ewì ní 2013, Soji Cole gbà á fún eré oníṣe ní 2018, inú mi sì dùn sí wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé èdè tí a fi tọ́ wa dàgbà kò bá wọn dé ibẹ̀.

Ṣé kí n túmọ̀ ìwé mi sí Gẹ̀ẹ́sì ni? Mo gbìyànjú rẹ̀ wò. Ibi tí aró ti kọ̀, tí kò mú aṣọ, tí àwọn obìnrin wọ̀nyí sì kúnlẹ̀ ti ìkòkò, tí wọ́n ń ṣe ìwúre sí Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn aláró, ojú ìwé mẹ́ta ni ní Yorùbá. Nígbà tí mo fi máa túmọ̀ rẹ̀ tán, kò ku ju ìpínrọ̀ kan lọ, ìpínrọ̀ náà kò sì ní ohùn.

Ìdáhùn kìíní: olóòtú ìwé, Ìbàdàn

Ẹ má túmọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ìdíje wà lára ohun tó gbé ìtàn àròsọ Yorùbá dìde: ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní 1936 ni D. O. Fágúnwà kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sí, tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Bí wọ́n bá ti ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn fẹ́ nígbà náà, ẹ wo ohun tí à bá ti pàdánù.

Àwọn tó ń gbèjà ètò òde òní máa ń sọ pé kò sí bí adájọ́ mẹ́ta ṣe lè ka Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Tiv pọ̀. Òótọ́ ni pé ìṣòro ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ti yanjú rẹ̀ rí. Ẹ̀bùn Noma, tó wà fún ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì fi ń dá ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, lítíréṣọ̀ àti ìwé ọmọdé lọ́lá láti 1980 títí di 2009, gba ìwé ní èdèkédè ilẹ̀ wa, nítorí pé wọ́n máa ń wá ẹni tó gbọ́ èdè náà kí ó yẹ ìwé wò fún wọn. Ní 1984, Gakaara wa Wanjau, ọmọ Kenya tó fi èdè Gikuyu kọ ìwé lórí àtìmọ́lé rẹ̀, wà lára àwọn tó gbà á. Ẹ̀bùn yìí kan náà ni Niyi Osundare gbà ní 1991. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà kò kọjá agbára wa lónìí.

Ìdáhùn kejì: ẹni tó ti ṣe adájọ́ ìdíje rí

Mo fara mọ́ olóòtú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà ní ọwọ́ tiwa. Mo bá wọn ka ìwé àfọwọ́kọ Yorùbá fún ìdíje kékeré kan, díẹ̀ péré nínú wọn ni òǹkọ̀wé rẹ̀ fi àmì ohùn sí. Nínú ọ̀kan, mo ka gbólóhùn yìí: “Obinrin naa duro de oko titi ile fi su.” Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣé ọkọ rẹ̀ ni obìnrin náà ń dúró dè ni, àbí ọkọ̀? Gbogbo orí ìwé náà dúró lórí ìdáhùn yẹn, bẹ́ẹ̀ ni òǹkọ̀wé náà ní ẹ̀bùn gidi. Mo gbé ìwé náà kalẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Láti 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní, síbẹ̀ a ṣì ń kọ Yorùbá bí ẹni tó ń sáré kọ lẹ́tà. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí ìwé wa ṣeé kà ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i.

Ìdáhùn kẹta: láti Lọ́ńdọ̀nù

Kí ló dé tí a ó fi máa dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn? Àwọn elédè Swahili ní Ẹ̀bùn Safal-Cornell, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014 pẹ̀lú orúkọ Mabati-Cornell, tó ń gba ìwé àfọwọ́kọ tí wọn kò tíì tẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọlọ́rọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣe ayẹyẹ ńláńlá kò ṣòro láti rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba àpapọ̀ fi àmì ẹ̀yẹ National Merit, tí wọ́n fi ń dá àwọn onísáyẹ́ǹsì, oníṣègùn, onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà àti àṣà lọ́lá, dá Akínwùmí Ìṣọ̀lá lọ́lá ní 2000, ọ̀gbẹ́ni tó fi Yorùbá kọ eré àti ìtàn àròsọ rẹ̀. A kò lè sọ pé kò sí àpẹẹrẹ.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni. N kò ní túmọ̀ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí mo ka ìdáhùn kejì, mo ṣí orí kìíní ìwé mi, mo sì rí “aro” mọ́kànlá tí n kò fi àmì sí, bẹ́ẹ̀ arọ kan wà nínú ìtàn náà pẹ̀lú aró. Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ àná. Olóòtú, bí ẹ bá gbà, n ó fi orí kìíní ránṣẹ́ sí yín tí mo bá ti fi àmì sí i tán.