Ìka nínú náílọ̀n áìsì, ẹsẹ̀ lórí ẹ̀rọ: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Nọ́ọ̀sì Tíátà, Súrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé ìwòsàn kan ní mainland ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wọlé láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ayùn ti gé ìka rẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó àwọn ìka náà dání. Ọmọ yẹn sáré, mi ò lè bú u. Àmọ́ áìsì ẹlẹ́ja ló kó wọn lé, wọ́n ń fara gbo yìnyín ní tààrà. Nígbà tá a máa fi tú náílọ̀n, méjì ti funfun báláú, wọ́n sì le gbagidi. Dókítà fi awò ńlá wo inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ní yìnyín ti jẹ ẹ́. Ọ̀kan tó wà lókè, tí áìsì ò dé ibẹ̀ púpọ̀, òun nìkan la rí so padà.

Ìka tó tutù dáadáa, tí kò sì dì, lè dúró fún nǹkan bíi wákàtí 24, torí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹran nínú ìka. Apá tàbí ẹsẹ̀ kò ní irú sùúrù yẹn. Tí ẹran bá ti pọ̀ lára ohun tí wọ́n gé, tí kò sì sí òtútù, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ wà lókè òkun tó ń bọ́ irú ẹran bẹ́ẹ̀ kó má kú. Ta ló ti rí i? Ẹni tí wọ́n ti gbé ẹran tàbí awọ láti ibì kan sí ibòmíràn lára rẹ̀ náà, ẹ wá sọ tiyín.

Ẹlẹ́sẹ̀ Tuntun, Mushin

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Tèmi kò gé kúrò. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gùn mí lẹ́sẹ̀ lórí ọ̀kadà, gbogbo ẹran ojúgun lọ, eegun wà níta gbangba. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti gé ẹran àti awọ, tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá fi dí ojúgun náà, wọ́n so iṣan mọ́ iṣan. Dókítà ṣàlàyé fún ìyàwó mi pé látìgbà tí àwọn bá ti gé e kúrò lẹ́yìn títí ẹ̀jẹ̀ á fi wọ inú rẹ̀ lẹ́sẹ̀, aago ń lọ nìyẹn.

Iṣẹ́ abẹ gan-an, mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, oorun ni mo sùn. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò jẹ́ kí n sùn! Wákàtí wákàtí ni nọ́ọ̀sì ń wá. Á fẹ̀yìn ọwọ́ kan awọ náà bóyá ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Á gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé e, á máa dún fùú, fùú, fùú. Àwọ̀ mi dúdú, títẹ̀ ẹ́ nìkan ò tó, wọ́n á tún fi abẹ́rẹ́ gún un kí wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa fòò ni wọ́n ń fẹ́. Tó bá jáde ní dúdú, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà ti dí nìyẹn, tíátà ló kàn. Wọn ò sì jẹ́ ká tan fáànù o! Wọ́n ní tí òtútù bá mú mi, iṣan á sún kì. Nínú ooru Èkó, nínú oṣù kẹta! Ìyàwó mi ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, èmi ń làágùn lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Ọlọ́run ṣé é, ó jẹ́. Mo ń rìn.

Ọmọ Láàbù, Yaba

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Nọ́ọ̀sì, mo ti rí ẹ̀rọ tí ẹ ń bèèrè. Dókítà ni mí, mo lo àkókò díẹ̀ ní láàbù kan ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ dán an wò.

Wọ́n á wá iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹsẹ̀ náà, wọ́n á ki túùbù bọ̀ ọ́, wọ́n á fi òwú so ó pinpin. Wọ́n á kọ́kọ́ fi omi tó ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fọ ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ dànù, àfi tó bá ń jáde ní mímọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tan pọ́ǹpù. Omi tó ń gbé lọ ní iyọ̀, ṣúgà àti èròjà aṣaralóore nínú. Àwọn kan ń fi ẹ̀jẹ̀ sí i, àwọn míì ò fi sí i. Ó ń gba inú ohun kan tó ń fún un ní atẹ́gùn ọ́síjìn kọjá, ó ń gba inú òmíràn tó ń mú un gbóná tàbí tutù, ó wá wọ ẹsẹ̀. Èyí tó bá jáde á ro sínú ike, á tún yí padà.

Inú òtútù ni ẹsẹ̀ tí mo kọ́kọ́ rí ti wá, ó ràn kankan, kò ní àwọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, láti itan wá sísàlẹ̀. Ọ̀gá wa mú wáyà tín-ín-rín, ó fi iná díẹ̀ kan iṣan tó ń mú ẹran mira, pátákò sì ta! Ẹsẹ̀ tí kò sí lára ẹlẹ́dẹ̀ kankan o. Mo ti pe Jésù kí n tó rántí pé dókítà ni mí.

Ohun tó ń da gbogbo wọn láàmú ni wíwú. Wọ́n á wọn ẹsẹ̀ náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Tí pọ́ǹpù bá ń ti omi jù, omi á jò sáàárín ẹran, ẹran á wú, á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, oúnjẹ ò sì ní wọlé mọ́. Tó bá sì ń tì í díẹ̀ jù, ebi ni. Wọ́n á máa bu omi tó jáde lọ yẹ̀ wò: tí láktéètì, ásíìdì tí ẹran ń tú jáde, bá ń ga, atẹ́gùn ò tó, tí pọtásíọ̀mù, iyọ̀ kan tó ń gbé inú ẹran, bá ń ga, ẹran ń bẹ́ nínú. Awọ máa ń fara dà á, ẹran ló ń kọ́kọ́ kú. Ẹran tó ti kú yẹn sì burú ju kéèyàn má so ó rárá lọ, torí tí wọ́n bá so ó mọ́ ènìyàn, pọtásíọ̀mù rẹ̀ lè dá ọkàn dúró, ìdọ̀tí tó kù lè dí kíndìnrín. Ẹ̀rọ ń fọ ìyẹn kúrò ṣáájú, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan àná. Alexis Carrel, oníṣẹ́ abẹ tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912, òun àti Lindbergh awakọ̀ òfuurufú ló ṣe pọ́ǹpù onígíláàsì ní 1935 fún irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ fún kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn òyìnbó. Ti apá àti ẹsẹ̀, láàbù ló ṣì pọ̀ sí jù. Ní Yunifásítì Michigan, wọ́n ti fi tọ́jú apá ènìyàn fún wákàtí 24. Ní Munich, àwọn kan ti lò ó lára aláìsàn tí kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dára lọ́rùn: ẹ̀rọ ń bọ́ ẹran tí wọ́n gbé síbẹ̀ títí ara fúnra rẹ̀ fi hu iṣan sí i.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú. Ṣúgà ló mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá àwọn ọmọ mi. Wọ́n dì í fún wa, a sì lọ sin ín. Ká ní wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀rọ kan wà tó ń mú kí ẹsẹ̀ máa mí níbòmíràn, ṣé màá gbà? Ẹ mọ Èkó. Wọn ò ní tà á?

Ọmọ Láàbù, Yaba

Màmá, ẹ kú àfaradà. Ẹsẹ̀ tí ṣúgà ti bà jẹ́, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó máa gbé e sórí ẹ̀rọ. Òfin ìlera ti 2014 sì ka títa ẹ̀yà ara léèwọ̀. Mo mọ̀ pé òfin nìkan ò lè fi yín lọ́kàn balẹ̀.

Alátùn-únṣe, Ìkòròdú

Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni mò ń tún ṣe. Ẹ̀rọ tó ń dúró fún ọkàn nígbà iṣẹ́ abẹ, ọmọ ìyá èyí tí Dókítà sọ ni. Iná kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, ínfátà tó dáa lè gbé e. Àwọn túùbù àti ohun tó ń fún un ní atẹ́gùn ló wà níbẹ̀: ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ jù ú nù, dọ́là lẹ fi rà á. Témi bá lówó, ọkọ̀ ojú omi àti kúlà tó dáa ni màá kọ́kọ́ rà. Láti Ìkòròdú dé Marina lórí omi yá ju kéèyàn há sí Kẹtu.

Ọmọ Láàbù, Yaba

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí kúlà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló sọ pé a ò lè pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, títí ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Lagos Island fi ṣe é ní 2000. Ẹ má tíì ti ilẹ̀kùn.

Ẹlẹ́sẹ̀ Tuntun, Mushin

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ pé omi dírípù ni wọ́n fi ń rẹ aṣọ tí wọ́n ń fi wé ìka tó gé. Tí kò bá sí dírípù níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé píọ̀ wọ́tà lè ṣe é?

Nọ́ọ̀sì Tíátà, Súrùlérè

Ó lè ṣe é, ẹ fi rẹ aṣọ mímọ́, ẹ fún un kó má ro. Ẹ má ki ìka bọ inú omi. Ẹ wé e, ẹ kó o sí náílọ̀n gbígbẹ, ẹ so ó pinpin, kẹ́ ẹ tó wá gbé náílọ̀n yẹn sínú òmíràn tí áìsì àti omi jọ wà. Ẹ má gbé e sí fírísà. Ẹ kọ àsìkò tó gé sára náílọ̀n, torí ìyẹn la máa ń kọ́kọ́ bèèrè, kì í sì í sẹ́ni tó rántí.