Ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí fíìmù ayé ọjọ́ iwájú tá a fẹ́ ṣe ní Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀, ẹ má bínú.

Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ ṣe fíìmù onítàn mẹ́ta nípa ayé ọjọ́ iwájú, owó wa ò sì tó nǹkan. La bá lọ wo irú ẹ̀ kan tí wọ́n fowó táṣẹ́rẹ́ ṣe. Ó dùn mí gan-an. Róbọ́ọ̀tì páálí tí wọ́n fi bébà tó ń dán wé kọ́ ló bí mi nínú, ojú lè fara da ìyẹn. Ohùn ni! Ariwo jẹnẹrétọ̀ bo ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré. Bí ìtàn kan bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọni lára báyìí, ó ti parí nìyẹn.

A ti ń wá máìkì tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ yá. A sì fẹ́ tọrọ àyè láti yà á ní OAU, níbi àwọn ilé tí Arieh Sharon yàwòrán wọn, tí òkè wọn fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn yẹn ò nílò ọ̀ṣọ́ kankan.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé ká kó gbogbo owó náà lé ìtàn kan ṣoṣo ni, àbí ká ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ẹ̀?

Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dá wa lóhùn.