Ibo ni àwọn ènìyàn Tema lọ?

Aláwòyé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iye ènìyàn tó ń gbé ní Tema, ìlú ilé iṣẹ́ àti èbúté tó wà létí Accra ní Gánà, ni mò ń yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ náà sì dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìkànìyàn 2000 sọ pé wọ́n lé ní 500,000, ṣùgbọ́n ti 2021 kò tó 200,000. Ṣé ìlú náà ń tú ni? Àbí Accra ló gbé e mì?

Ọmọ Èbúté: Kò tú, Accra kò sì gbé e mì. Ẹkùn Greater Accra ni àwọn méjèèjì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kálukú ló ní ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ààlà ló yí padà. Wọ́n yọ Ashaiman kúrò lára Tema ní 2008, wọ́n yọ Kpone Katamanso ní 2012, Tema West náà sì dá dúró ní 2018. Ẹni tó bá gba abẹ́ afárá òpópónà márosẹ̀ kọjá sí Ashaiman lónìí ti bọ́ sábẹ́ ìgbìmọ̀ mìíràn, bí ilé àti ọjà tilẹ̀ ṣù mọ́ra débi pé kò ní mọ ìgbà tó kọjá ààlà.

Ayàwòrán-ilẹ̀: Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju 2008 lọ. Abúlé apẹja àwọn ẹ̀yà Gá ni Tema kí ìjọba tó gba ilẹ̀ tó fẹ̀ tó máìlì onígun mẹ́rin 64 ní 1952, tí wọ́n sì dá àjọ TDC sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Wọ́n kó àwọn apẹja lọ sí Manhean, èyí tó túmọ̀ sí ìlú tuntun, wọ́n sì fi nọ́ńbà sọ àdúgbò: Community 1, Community 2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èbúté bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, ilé ìfọpo tẹ̀ lé e, iná mànàmáná láti ìsédò Akosombo sì gbé ilé iṣẹ́ alumíníọ́mù dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé inú ètò yìí kò kárí ni wọ́n lọ tẹ̀dó sí Ashaiman. Títí dòní, ọwọ́ méjì ló wà lórí ilẹ̀ náà: onílé ń san owó ilẹ̀ fún TDC, ó sì ń san owó orí ilé fún ìgbìmọ̀ ìlú.

Aláwòyé: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ará ìlú ló ń dìbò yan olórí ìgbìmọ̀ náà?

Ọmọ Èbúté: Rárá o. Ààrẹ ló ń fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó bá dìbò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní ti iṣẹ́ yín, ẹ kó iye ènìyàn ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fún 2021 kí ẹ tó fi wé ti 2000. Ẹ ó rí i pé ńṣe ni wọ́n pọ̀ sí i.