"Ṣé ó yé yín?" Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yé ọmọ lóòótọ́?

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń béèrè ní kíláàsì pé, "Ṣé ó yé yín?" tí gbogbo ọmọ sì ń fi ohùn kan dáhùn pé, "Ó yé wa, sà!" Ní táàmù tó kọjá, mo tẹ káàdì Plickers, áàpù orí fóònù tó ń ka ìdáhùn ọmọ láti ara káàdì, sórí ìwé lásán fún àwọn ọmọ 42 tí mò ń kọ́ ní Pírámárì 5. Káàdì méjì ló wà lójú ewé kan, nítorí náà owó ewé 21 péré ni mo san. Àmì dúdú kan wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí méjì tó jọra. Ọmọ á yí tirẹ̀ títí lẹ́tà ìdáhùn tó mú, A, B, C tàbí D, yóò fi wà lókè, á gbé e sókè, èmi á sì fi kámẹ́rà fóònù mi wo gbogbo kíláàsì láti iwájú. Mo bi wọ́n pé kí ni 1/2 àti 1/3 jẹ́ tí a bá rò wọ́n pọ̀. Ọmọ 27 ló mú 2/5 dípò 5/6, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n pariwo pé ó yé wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìrírí tiyín.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù: 27 nínú 42! Ọdún mọ́kànlá ni èmi náà fi gba "ó yé wa" yẹn gbọ́.

Àgbà Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Síléètì àti ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ́ wa ní tiwa. Olùkọ́ á ní, "Ẹ gbé e sókè," a ó sì gbé e sókè. Kò gba dátà, kò gba iná mànàmáná, olùkọ́ sì ń rí ọ̀nà tí ọmọ gbà ṣe ìṣirò náà, kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo. Kí ni káàdì yìí mọ̀ tí síléètì kò mọ̀?

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Òde: Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni pé síléètì ń fi ọ̀nà hàn, mo sì ṣì ń lo pátákó kékeré. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jókòó ti ẹni tó mọ ìṣirò á kọ́kọ́ yọjú wo tirẹ̀. Lẹ́tà orí káàdì kéré, àmì wọn kò sì jọra, nítorí náà yíyọjú kò ran ọmọ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní ti ọ̀nà tí wọ́n gbà, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi 2/5 sínú ìdáhùn ni. Ẹni tó bá mú un ti ro nọ́ńbà òkè pọ̀ mọ́ tòkè, ó sì ro tìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ọmọ jọ ṣe ni mò ń wá.

Ọmọ Ìperu: Báwo lẹ ṣe wá tún un ṣe?

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Òde: Kóńgò gaàrí ni mo gbé wá. Mo bu gaàrí dé ìdajì kóńgò, mo ní kí ọmọ kan fi ìdá kan nínú mẹ́ta kóńgò kún un. Lẹ́yìn náà mo bi wọ́n bóyá gaàrí tí a ti fi òmíràn kún lè wá kéré sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí 2/5 kò tó ìdajì. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta gaàrí ló kọ́kọ́ sọ pé ẹni tó bá wọn ọjà báyẹn ti rẹ́ oníbàárà jẹ.

Àgbà Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Igbó: Èyí wọ̀ mí lára. Mo gbà fún yín lórí 2/5 yẹn.

Tíṣà Òde-Rẹ́mọ: Òbí kan gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá, ó rí mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ níwájú àwọn ọmọ, ó sì lọ sọ fún ọ̀gá àgbà pé mò ń tẹ fóònù dípò kí n máa kọ́ wọn. Ó dùn mí gan-an.

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù: Wọ́n ti fi ẹ̀sùn yẹn kan èmi náà. Ẹ pe òbí náà wọlé, kí ẹ fi káàdì kan lé e lọ́wọ́, kí òun náà dáhùn ìbéèrè.

Ọmọ Ìperu: Mi ò fara mọ́ ìyẹn. Tí òbí bá ṣì í lójú ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ṣágámù: Ẹ jàre, ẹ̀yin lẹ gba ọ̀rọ̀ rò. Ọ̀rọ̀ ìtìjú yìí ló mú kí n má fi orúkọ ọmọ àti ìdáhùn tó mú hàn lára ògiri mọ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ọmọ kan sì sunkún títí di ìgbà tí a lọ sílé. Iye àwọn tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan nìkan ni mò ń kéde báyìí. Èmi nìkan ni mò ń wo orúkọ.

Tíṣà Ìjẹ̀bú-Igbó kejì: Káàdì Plickers kò ju 63 lọ, kò sì tó fún kíláàsì mi, ọmọ 78 ni wọ́n. Ìdérí ìgò pupa àti aláwọ̀ ewé ni mo pín fún wọn, pupa fún "rárá," ewé fún "bẹ́ẹ̀ ni," wọ́n á sì di ojú kí wọ́n tó gbé e sókè.

Tíṣà Òde-Rẹ́mọ: Ẹ má fi ọ̀rá dídán bo káàdì o. Oòrùn máa ń tàn lára rẹ̀, kámẹ́rà kò sì ní rí àmì náà. Kí àwọn ọmọ má sì fi ìka bo apá dúdú.

Olùkọ́ Yorùbá, Ìkẹ́nnẹ́: Èmi lò ó fún àmì ohùn. A: *igba*, B: *igbá*, C: *ìgbà*, D: *igbà*. Mo ní kí wọ́n mú èyí tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ọ̀pọ̀ mú C. Ọmọkùnrin kan tí kì í la ẹnu láti ọjọ́ tí táàmù ti bẹ̀rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́rin péré tó mú D. Ká ní mo sọ pé kí wọ́n nawọ́ ni, mi ò ní mọ̀ láé pé ó mọ̀ ọ́n.

Àgbà Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Igbó: Báwo ni ọmọ náà ṣe mọ̀ ọ́n?

Olùkọ́ Yorùbá, Ìkẹ́nnẹ́: Ẹlẹ́mu ni bàbá rẹ̀, sà. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé igbà bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká wá sí kíláàsì, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ìdí hàn wá.